Catch Me If You Can: fíìmù gbájúẹ̀ lójú ẹni tó fi iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì jẹun

Nínú gbogbo fíìmù òyìnbó tí mo ti wò, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó Catch Me If You Can. Steven Spielberg ló darí rẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì 2002 ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọ tó ń ta dísíìkì ní Dùgbẹ̀ fi ní in, nínú páálí kan náà pẹ̀lú àwọn fíìmù ìjà tí mi ò jẹ́ wò láéláé. Leonardo DiCaprio ni gbájúẹ̀ náà, Tom Hanks ni ọlọ́pàá FBI tó ń lé e kiri. Ìtàn Frank Abagnale ni wọ́n gbé e kà, ọmọ New York tí wọ́n bí ní 1948, tó ní kí òun tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, òun ti fi ṣẹ́ẹ̀kì ayédèrú kó owó rẹpẹtẹ nílẹ̀ nílé báǹkì, òun sì ti ṣe páílọ́ọ̀tì, dókítà àti lọ́yà láìní ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

Ojú tí mo fi wò ó kì í ṣe ojú tí gbogbo ayé fi wò ó. Iṣẹ́ báǹkì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní Dùgbẹ̀ níbí, níbi tí a ti ń rí Ilé Kòkó láti ojú fèrèsé. Mo ṣe kaṣíà, lẹ́yìn náà wọ́n gbé mi lọ sídìí ibi tí wọ́n ti ń ya ṣẹ́ẹ̀kì sọ́tọ̀: ti báǹkì wa, ti àwọn báǹkì mìíràn n'Íbàdàn, ti ìlú òkèèrè. Ti ìlú òkèèrè ni ìyọnu. Nígbà náà, ẹni tó bá mú ṣẹ́ẹ̀kì Kánò tàbí ti Mẹdúgùrì wá, àfi kó lọ ní sùúrù, nítorí bébà yẹn fúnra rẹ̀ ló máa rìnrìn-àjò lọ bá báǹkì tó ni ín kí ìyẹn tó fèsì pé owó ń bẹ tàbí owó ò sí. Bí mánéjà bá ṣojúure sí oníbàárà, tó ní kí a san owó fún un kí èsì tó dé, inú àlàfo yẹn ni olè ń gbé. Gbogbo àwa tí a wà nídìí rẹ̀ la mọ̀ ọ́n.

Àlàfo yẹn gan-an ni fíìmù yìí dá lé lórí. Frank wọ báǹkì, ó ń bá ọmọbìnrin tó jókòó nídìí káńtà ṣeré, ọmọbìnrin náà sì ń ṣàlàyé fún un ohun tí àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀kì wà fún. Ẹ̀ka méjìlá ni báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní, nọ́ńbà yẹn ló sì ń sọ ẹ̀ka tí ṣẹ́ẹ̀kì máa gbà lọ. New York ni ìkejì, San Francisco ni ìkejìlá. Bí o bá ná ṣẹ́ẹ̀kì ní New York, tí o sì ti sọ èjì di méjìlá, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé wọ́n ń tan òun. Yóò tì í lọ sí òdìkejì ilẹ̀ náà, àwọn tọ̀hún á yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò ní mọ ẹni tó ni ín, wọn á dá a padà. Ọ̀sẹ̀ á ti gorí ọ̀sẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ á ṣì wà nínú ìlú kan náà, á máa ná òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe iṣẹ́ yìí rí, ẹ lè fo ibẹ̀ kọjá. Èmi ní tèmi, mo dá fíìmù dúró, mo sì tún un wò. Nígbà tí Carl Hanratty, ìyẹn Tom Hanks, wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ohun tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ bébà máa ká àgbàlagbà lára tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì ló ní ẹnì kan bẹ́ẹ̀, tó mọ ibi tí òrùlé ti ń jò, tí ọ̀gá sì máa ń ní kó lọ jókòó. Hanks kò ṣe é bí akọni. Ó gbé jígí wúwo sójú, ó ń bínú kẹ́kẹ́, kò mọ àwàdà ṣe. Ó tiẹ̀ kó aṣọ funfun rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pọ̀ mọ́ nǹkan pupa kan, gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ bá di píńkì. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń wúkọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ ló gbé fíìmù náà ró. Frank rí páílọ́ọ̀tì kan lójú pópó, ó rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń yà fún un, bí àwọn ọmọdé ṣe ń sá tẹ̀ lé e. Ó tẹ Pan Am, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, láago, ó ní òun jẹ́ páílọ́ọ̀tì wọn, yunifọ́ọ̀mù òun sọnù sí òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní kó lọ bá télọ̀ wọn. Télọ̀ wọn ọ́n lára, ó rán an, ó ní 164 dọ́là ni. Frank ní òun á kọ ṣẹ́ẹ̀kì. Bàbá yẹn ní rárá o, àwọn ò gba ṣẹ́ẹ̀kì, àwọn ò gba owó ọwọ́, kó kàn kọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, Pan Am ló máa san. Ó kọ nọ́ńbà tó bá wá sí i lọ́kàn. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ jà lólè ló fowó ara rẹ̀ rán aṣọ olè fún un.

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn? Ẹ dúró ní Ìwó Road níròlẹ́. Ọkùnrin tó bá wọ bàtà sójà, tó ní "sítáàfù" fún kọ́ńdọ́, ó ti dé Challenge lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn, kọ́ńdọ́ ò sì ní bi í léèrè bárékè tó ti wá. Ti àwọn gbájúẹ̀ Ògùnpa tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù bà wá ní kékeré, àwọn àgbà á ní oògùn ni, pé wọ́n fọwọ́ kan ọmọ ènìyàn léjìká, ó bá ń tẹ̀ lé wọn lọ bí àgùntàn. Frank ò ní oògùn kankan. Ìkíni ló ní. Ó ń rántí orúkọ, ó ń wojú ẹni sọ̀rọ̀, á fa ẹ̀gbà ọrùn kan yọ lápò, á ní, "Ǹjẹ́ tiyín kọ́ lèyí? Ó já bọ́ lọ́rùn yín." Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ìyẹn.

Bàbá yẹn! Christopher Walken ló ṣe é, òun sì ni ìdí tí mo fi ń padà sí fíìmù yìí. Oníṣòwò ni, tí àwọn agbowó-orí ń dà láàmú. Ilé ti lọ, mọ́tò ti lọ, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Faransé tó rí nígbà ogun, ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ yóò tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní ìtàn kan tó máa ń sọ, ti èkúté méjì tó já sínú ọ̀rá wàrà: ọ̀kan jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ó kú, èkejì ń tapá, ó ń tasẹ̀, títí wàrà fi di bọ́tà, ó bá rìn jáde. Ó ní òun ni èkúté kejì. Ẹ máa wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ́. Ó ti mọ̀ pé òun kọ́.

Frank gbé Cadillac tuntun wá fún un, kò lè gbà á, nítorí àwọn agbowó-orí á bi í pé níbo ló ti rí i. Lẹ́yìn náà, ní ilé ọtí kan, ọmọ yìí bẹ bàbá rẹ̀ pé kó ní kí òun dáwọ́ dúró. Bàbá ní kò lè dúró mọ́. Gbólóhùn kan péré. Mo ti rí bàbá bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa l'Òkè-Àdó, tó ń wo mọ́tò tí ọmọ rẹ̀ gbé wálé, tó mọ̀ dájúdájú pé iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ò tó kẹ̀kẹ́ rà, tó sì ń bá àwọn àlejò pín ẹran. Wọ́n yan Walken fún Oscar, wọn ò fún un. Àwọn tó ń fúnni ní ẹ̀bùn fíìmù BAFTA ní Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe bó ti tọ́.

Orin John Williams àti àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ dára, ẹ má fò wọ́n. Èyí tí ẹ lè lọ gbé oúnjẹ kaná nígbà tó bá dé ni apá Louisiana, níbi tí Frank ti fẹ́ fẹ́ Brenda, ọmọ ilé Strong. Amy Adams ṣe ọmọ náà dáadáa, ó ní àánú lójú, ṣùgbọ́n eré dúró sójú kan níbẹ̀, àwọn òbí náà sì kọrin ju bó ti yẹ lọ. Mi ò tiẹ̀ gba ti dókítà yẹn gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí àwọn nọ́ọ̀sì wà, kí ọmọkùnrin máa fi "ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?" dá ọ̀gá dókítà ṣe? Nọ́ọ̀sì àgbà kan ṣoṣo ní UCH ì bá ti já a kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní tó ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí. Fíìmù yìí fẹ́ kí a gbà pé báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú nìkan ni Frank jà lólè, pé kò sẹ́ni tó sunkún. Ibo ni owó báǹkì ti ń jáde? Ọwọ́ kaṣíà ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ìyàwó tuntun, oyún ń bẹ nínú rẹ̀. Alàgbà kan wọ agbádá wá, ó ń pe gbogbo wa ní "ọmọ mi", ó béèrè àlàáfíà ìyàwó mánéjà, ó dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìbuwọ́lùwé bára mu lójú. Ọmọ yìí san án. Nígbà tí àṣírí tú, báǹkì ò rí alàgbà mú, ọmọ yìí ni wọ́n rí. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ títí ọmọ inú rẹ̀ fi ń rìn. Òfin ń bẹ ní Nàìjíríà láti 1977 pé ẹni tó bá fi ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí gba nǹkan lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Òfin yẹn ò dá owó oṣù ẹnikẹ́ni padà.

Nínú fíìmù, gbogbo àwọn ọmọbìnrin ìdí káńtà wọ̀nyẹn rẹ́rìn-ín, wọ́n ka owó, kámẹ́rà sì kúrò lọ́dọ̀ wọn. A ò rí wọn mọ́. Èyí tó wá ga jù ni ti obìnrin òtẹ́ẹ̀lì yẹn, tí Jennifer Garner ṣe. Ó ní ẹgbẹ̀rún dọ́là ni òun máa gbà. Frank fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì 1,400 dọ́là, obìnrin náà bá ka 400 dọ́là owó gidi lé e lọ́wọ́ ní ṣéńjì. Gbogbo ilé ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ọkọ mi ló ń rẹ́rìn-ín jù. Obìnrin yẹn kì í ṣe báǹkì o. Mo bi wọ́n léèrè bóyá ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ayédèrú nínú báàgì rẹ̀, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn wo fíìmù.

Ọmọ mi àbígbẹ̀yìn, Ṣeun, ló wá mú ìyókù ọ̀rọ̀ wálé. Ó wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bá mi nídìí fíìmù náà.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Irọ́ ni ọkùnrin yín yẹn pa."

"Ọkùnrin mi wo? Ṣé o fẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ ni?"

"Abagnale ni mò ń sọ, mà. Ẹ̀wọ̀n ló wà ní gbogbo ìgbà tó ní òun ń fò kiri."

Mo ní kó jókòó, kó sọ ọ́ létòlétò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alan Logan ló kọ ìwé ní 2020, tó lọ tú àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ àti ti ẹ̀wọ̀n wò. Láti oṣù Keje 1965 títí di oṣù Kejìlá 1968, ọgbà ẹ̀wọ̀n Great Meadow ní ìpínlẹ̀ New York ni Abagnale wà. Ìyẹn ni pé láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún títí dé ogún ọdún, ìgbà tí ìtàn rẹ̀ ní ó ń ṣe dókítà ní Georgia, tó sì ń ṣe lọ́yà ní Louisiana. Nínú ìwé tí Abagnale àti Stan Redding kọ ní 1980, ó ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ dọ́là ni òun kó. Àwọn ṣẹ́ẹ̀kì Pan Am tí wọ́n torí rẹ̀ dá a lẹ́bi jẹ́ mẹ́wàá, àpapọ̀ owó wọn ò sì tó 1,500 dọ́là. Ní 1969, ní Baton Rouge, ó lọ wọ̀ sílé àwọn òbí ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, ó bá jí ṣẹ́ẹ̀kì wọn kọ. Ìyẹn ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́ níbẹ̀. Òtítọ́ ìtàn náà nìyí: ìdílé tó gbà á lálejò. Spielberg ò fi ìyẹn sínú fíìmù, nítorí kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Láti 1980 sí 2020 jẹ́ ogójì ọdún, ẹ lè ní òótọ́ ẹlẹ́sẹ̀ wíwúwo lèyí. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn ní San Francisco àti Oklahoma ti pe àwọn tó dárúkọ láago láti 1978, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n sì gbé e sínú ìwé ìròyìn. Òótọ́ ti bá a tipẹ́. Wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un ni. Tẹlifíṣọ̀n fẹ́ ìtàn, àwọn tó ń pe ọkùnrin náà wá sọ̀rọ̀ fẹ́ ìtàn, Hollywood fẹ́ ìtàn. Ìdí káńtà ni gbogbo wọ́n jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó yí ṣẹ́ẹ̀kì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣeun rò pé màá da fíìmù náà nù. Mo ní kò yé e. Mo tún un wò lẹ́yìn ìyẹn, ó sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Abagnale fúnra rẹ̀ yọjú nínú rẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ dáadáa: ọlọ́pàá Faransé kan ni, lára àwọn tó wá mú Frank. Wọ́n tún rí yunifọ́ọ̀mù mìíràn fún un wọ̀! Kódà bàbá rẹ̀ tí Walken ṣe, Abagnale ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé láti ọjọ́ tí òun ti kúrò nílé, òun ò fojú kan bàbá òun mọ́. Kò sí ilé ọtí, kò sí Cadillac. Àwọn tó kọ fíìmù ló dá wọn sílẹ̀, ibi tí wọ́n dá sílẹ̀ yẹn ló sì jẹ́ òótọ́ jù lọ lójú mi.

Tí wọ́n bá ń wá ìtàn tí kò nílò àfikún, kí wọ́n wá sí Nàìjíríà. Emmanuel Nwude fi ara rẹ̀ ṣe gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ wa, ó ta pápákọ̀ òfurufú tí kò sí níbì kankan fún ọ̀gá báǹkì kan ní Bùràsíìlì, láàárín 1995 sí 1998, 242 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Báǹkì yẹn wó. Aṣọ 164 dọ́là ti télọ̀ kọ́ lèyí o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ẹni tó bá ṣe fíìmù náà á tún mú ọmọkùnrin arẹwà kan ṣe é, gbogbo wa á sì máa gbàdúrà kí wọ́n má rí i mú.

Ẹ wò ó. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ni, nítorí náà ẹ rí i pé inverter yín kún, nítorí ibi tí ó ti dùn jù ni wọ́n máa ń múná lọ. Ẹ wá èyí tó ní ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀, ẹnu wọn yá jù. Ẹ má bá àna yín wò ó, nítorí ti obìnrin òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Nígbà tó bá parí, wọ́n á kọ ọ́ sójú amóhùnmáwòrán pé báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá ń san owó gọbọi fún Abagnale nítorí ṣẹ́ẹ̀kì aláàbò tó bá wọn ṣe. Èmi ti máa ń pa á kí ìyẹn tó jáde.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Mo yọ ọ̀kan nítorí ilé Strong, mo sì yọ ọ̀kan nítorí àwọn ọmọbìnrin ìdí káńtà.